Olóòtú, ẹnu lẹ́ńsì lẹ gbàgbé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Mi ò kì í kọ lẹ́tà, mo kàn máa ń kà yín ni, tó bá dùn mọ́ mi màá rẹ́rìn-ín, tí kò bá dùn mọ́ mi màá ṣí ojú ewé tó kàn, ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa kámẹ́rà mirrorless (tí kò ní dígí nínú) méjì ti Canon, EOS M50 àtijọ́ àti EOS R50 tuntun, òun ló fi tipátipá ti bírò sí mi lọ́wọ́. Akọ̀ròyìn yín ní kí ẹni tó bá ní M50 yáa tètè gbé e tà kó lọ ra R50, torí pé fọ́tò tí tuntun ń yà mọ́ ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, wọ́n sì tún ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ fọ́tò má tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí M50 wà. Ìmọ̀ràn kejì yẹn ṣeé gbà díẹ̀, àmọ́ ìdí tí wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀ kọ́ ni ìdí rẹ̀, ẹnu lẹ́ńsì ni, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà, màá dé ibẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ wá.

Kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń sọ̀rọ̀ o. M50 ti wà lọ́wọ́ mi ọjọ́ ti pẹ́, débi pé ibi tí àtàǹpàkò mi máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀ ti ń dán bíi gíláàsì. Àbúrò mi ló ní R50, a jọ máa ń jáde lọ ya fọ́tò, a sì máa ń gba tọwọ́ ara wa lò, nítorí náà mo ti lo R50 yẹn tó láti mọ ìwà ẹ̀. Canon ò sanwó fún mi, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ mí, tí wọ́n bá fẹ́ fún mi ní kámẹ́rà lọ́fẹ̀ẹ́ mi ò ní kọ̀ ọ́ o, àmọ́ wọn ò tíì fún mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí fọ́tò fúnra ẹ̀. Canon kéde M50 lóṣù kejì ọdún 2018, wọ́n kéde R50 lóṣù kejì ọdún 2023, ọdún márùn-ún gbáko ló wà láàárín wọn, èèyàn á wá rò pé láàárín ọdún márùn-ún nǹkan á ti yí padà pátápátá. Ẹ wò ó ná: sẹ́ńsọ̀ M50, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, jẹ́ megapixel 24.1 (mílíọ̀nù píksẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di fọ́tò), ti R50 jẹ́ 24.2. Ìwọ̀n àwọn méjèèjì ò yàtọ̀, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní APS-C, bí Canon ṣe máa ń ṣe é, náà ni, nǹkan bíi mìlímítà 22.3 ní ìbú àti 14.9 ní gíga, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀kan lè gbà náà ni èkejì lè gbà. Ohun tó yàtọ̀ ni ọpọlọ tó wà lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀, DIGIC 8 ló wà nínú àtijọ́, DIGIC X ló wà nínú tuntun, ọpọlọ yẹn sì ṣe bẹbẹ, màá dé ibẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lórí bí ewé tàbí ojú èèyàn ṣe mọ́ tó nínú fọ́tò ló ti ṣe bẹbẹ tiẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi tiẹ̀ ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, la bá ní ká dán an wò. Lọ́jọ́ kan tí ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, a gbé méjèèjì sórí tráípọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lẹ́ńsì kan náà la lò, EF 50mm f/1.8 STM, ti ayé kámẹ́rà onídígí àtijọ́, a fi àdápítọ̀ (òrùka tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà tí kì í ṣe tiẹ̀) so ó mọ́ M50, a tún fi àdápítọ̀ mìíràn so ó mọ́ R50, kí ẹnì kan má baà wí pé lẹ́ńsì ló ṣe é. f/5.6 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń ṣí tó), ISO 200 (bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára tó), ife kan lórí tábìlì, àti ojú àbúrò mi tó ti ń bínú pé mo ń fi àkókò òun ṣòfò. A tẹ àwọn fọ́tò náà jáde sórí pépà, mo dà wọ́n pọ̀ bíi káàdì, mo ní kó mú ti R50 ẹ̀ jáde níbẹ̀, òun tó ni kámẹ́rà o. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹfà tó mú un, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbà á, ìyẹn ni pé ẹni tó bá di ojú mú un náà á gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tá a gbé ISO dé 6400 la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan, JPEG tí R50 ṣe, ìyẹn fọ́tò tí kámẹ́rà ti parí fúnra ẹ̀, mọ́ díẹ̀, àwọn nǹkan wínníwínní bí iyanrìn tó máa ń hàn níbi tí òkùnkùn wà kéré lára ẹ̀, àmọ́ nígbà tá a gbé fáìlì RAW méjèèjì, èyí tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, sínú kọ̀ǹpútà tá a ṣe é bákan náà, ìyàtọ̀ yẹn tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹni tó bá ń ta M50 ẹ̀ torí pé ó ń wá fọ́tò tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, lẹ́ńsì tó ń lò ló yẹ kó wò, bóyá lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá ló ṣì wà lórí ẹ̀ látọjọ́ tó ti rà á.

Ó dáa, ibo wá ni R50 ti jù ú lọ? Fókọ́ọ̀sì, bí lẹ́ńsì ṣe ń mú kí ohun tí ẹ ń yà hàn kedere! Ká sọ òótọ́ ká má parọ́, níbí yìí mi ò lè gbèjà kámẹ́rà mi. Àwọn méjèèjì ló ń lo ohun tí Canon ń pè ní Dual Pixel, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sì dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè má sọ ọ́: wọ́n pín píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan orí sẹ́ńsọ̀ sí méjì, apá òsì àti apá ọ̀tún, bí ojú èèyàn méjèèjì, tí ohun tí apá òsì rí kò bá sí lójú kan náà pẹ̀lú èyí tí apá ọ̀tún rí, kámẹ́rà á mọ̀ pé lẹ́ńsì ò tíì débẹ̀, á sì tún mọ apá ibi tó yẹ kó yí i sí àti ibi tó yẹ kó yí i dé, kò ní máa lọ kó máa bọ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. M50 ní in. Ohun tí M50 ò ní ni ọpọlọ tó mọ ohun tó ń wò dáadáa. Ó mọ ojú èèyàn lóòótọ́, ó tiẹ̀ lè mú ẹyinjú, ṣùgbọ́n ẹyinjú yẹn, ìgbà tẹ́ni tí ẹ ń yà bá dúró jẹ́ẹ́ tí ẹ lo One-Shot nìkan ló máa ń mú un, tẹ́ni náà bá ti ń rìn bọ̀ tí ẹ wá lo Servo pé kí kámẹ́rà máa tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ẹyinjú ti tán nìyẹn.

R50 ní tiẹ̀, Dual Pixel CMOS AF II ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì ti kọ́ ọ dáadáa kó tó jáde. Ó mọ èèyàn, ó mọ ajá, ológbò àti ẹyẹ, ó mọ mọ́tò àti alùpùpù tó ń sáré. Ọmọ kékeré kan tó wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ ẹ̀ lè ní kó dúró kí ẹ yà á, ẹ̀yin náà mọ ọmọ ọdún mẹ́ta, bí ẹ bá ti gbé kámẹ́rà sójú ló ti bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Pẹ̀lú M50, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ti mú fókọ́ọ̀sì síbi tí mo rò pé ó máa gbà kọjá, màá wá dúró dè é bí ọdẹ, tó bá débẹ̀ màá tẹ̀ ẹ́, nínú fọ́tò mẹ́wàá tí mo bá yà bóyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa dáa. Pẹ̀lú R50 mo kàn kọjú kámẹ́rà sí i ni, àpótí kékeré kan á lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀, ó sáré lọ, àpótí tẹ̀ lé e, ó yí ẹ̀yìn sí wa, àpótí bọ́ sórí orí ẹ̀, ó tún yíjú padà, àpótí padà sẹ́yinjú, nínú mẹ́wàá mẹ́jọ ló dáa. Mo dá kámẹ́rà padà fún àbúrò mi, mi ò sọ nǹkan kan. Ó rí ojú mi ṣá.

Ìyẹn náà ò wá túmọ̀ sí pé M50 ò lè ya nǹkan tó ń sáré o. Ó lè ya fọ́tò 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí fókọ́ọ̀sì bá dúró sójú kan, tí ẹ bá fẹ́ kí fókọ́ọ̀sì máa tẹ̀ lé e ó di 7.4. R50 ń ya 12, tí ẹ bá lo ṣọ́tà (ohun tó ń ṣí tó sì ń tì fún ìmọ́lẹ̀) oníná tí kò ní ariwo ó di 15. Àmọ́ kí ẹnì kankan má jẹ́ kí 15 yẹn kó sí òun lórí, inú ẹ̀ kéré, tí ẹ bá ń ya RAW kì í pẹ́ tó fi máa kún, á wá ní kí ẹ dúró ná kí òun kọ ọ́ sínú káàdì, ìgbà yẹn gan-an ni ohun tí ẹ ń dúró dè máa ń ṣẹlẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ fídíò, akọ̀ròyìn yín kàn sọ gbólóhùn kan, pé méjèèjì ní 4K (fídíò tó mọ́ ju 1080 lásán lọ), wọ́n sì kọjá lọ. Háà! Ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí nìyẹn o. 4K ti M50 wà lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, nǹkan méjì ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, kámẹ́rà á gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán dà nù, ó máa sún mọ́ nǹkan ní ìlọ́po nǹkan bíi 1.56. Lẹ́ńsì 15-45mm tó máa ń bá a wá, 15mm yẹn lórí APS-C ti Canon dà bíi 24mm lójú ẹni tó mọ ìṣirò kámẹ́rà sẹ́ńsọ̀ ńlá, ó fẹ̀ dáadáa, tí ẹ bá na apá yín tí ẹ kọjú ẹ̀ sí ara yín, ẹ̀yin àti ibi tí ẹ wà lẹ́yìn yín á wọ inú ẹ̀. Ẹ tẹ 4K, ó di bíi 37mm, orí yín nìkan ló kù, etí tiẹ̀ lè máà wọlé tán. Èkejì tó burú ju ìyẹn ni pé Dual Pixel tí mo ń yìn látàárọ̀ yìí ò ṣiṣẹ́ nínú 4K ẹ̀, ọgbọ́n àtijọ́ ló máa padà sí, á yí lẹ́ńsì lọ, á yí i bọ̀, kó tó mọ ibi tó yẹ kó dúró, gbogbo ìyẹn ló máa hàn nínú fídíò. Férémù, ìyẹn àwòrán, 24 tàbí 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ló sì mọ. Èmi ti gbàgbé pé 4K wà lórí kámẹ́rà mi, 1080 ni mò ń lò, férémù 60, Dual Pixel ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń bá mi mu.

R50 ò gé nǹkan kan. Gbogbo ìbú sẹ́ńsọ̀ ló ń lò, ó ń ka 6K wọlé kó tó wá sọ ọ́ di 4K, ìdí tó fi máa ń mọ́ rekete nìyẹn, férémù 30, fókọ́ọ̀sì sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ bí ẹni pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. M50 kì í gba fídíò kọjá ìṣẹ́jú 30, kódà ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59 ni, R50 ń lọ dé wákàtí kan. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò, tó fẹ́ 4K, kó má wulẹ̀ dààmú ara ẹ̀, R50 ni, ọ̀rọ̀ tán. Bí akọ̀ròyìn yín bá ti sọ èyí ni, mi ò bá má kọ lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n R50 náà ní ìwà tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fáwọn èèyàn. Orí ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ki fláàṣì bọ̀, wọ́n ti yí i padà. Àwọn irin kéékèèké tuntun ló wà níbẹ̀, àwọn irin àtijọ́ tí fláàṣì wa ń bá sọ̀rọ̀ látọdún gbọ́nhan ti lọ. Mo ki fláàṣì mi bọ orí ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wọlé rẹ́gí, ó jókòó dáadáa, mo tẹ kámẹ́rà, fláàṣì ń wò mí. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún un kì, mo pààrọ̀ bátìrì, ó ṣì ń wò mí. Àbúrò mi ló padà lọ kà á nínú ìwé pé a gbọ́dọ̀ ra àdápítọ̀ kan tó ń jẹ́ AD-E1 ká tó lè lo àwọn fláàṣì Canon àtijọ́ lórí ẹ̀. M50 ò níran wàhálà yìí, fláàṣì tí ẹ bá ti ní látọjọ́ tó ti pẹ́ á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Ṣọ́tà náà ńkọ́. Ṣọ́tà dà bí aṣọ ìkélé méjì, ìkíní á ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, èkejì á wá tẹ̀ lé e láti ti ibẹ̀. Nínú R50 wọ́n ti yọ ìkíní yẹn, iná ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀, èkejì nìkan ló jẹ́ irin. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára láé, àmọ́ tí ẹ bá ṣí lẹ́ńsì sílẹ̀ dáadáa, ká ní f/1.8, nínú oòrùn tí ṣọ́tà sì yára gan-an, àwọn róbótó iná tó máa ń rẹwà lẹ́yìn èèyàn nínú fọ́tò lè dà bí èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ẹ bá sì wá lọ sí ṣọ́tà tí kò ní ariwo rárá, nǹkan tó ń sáré kọjá á tẹ̀, ìlà dúdú-dúdú lè hàn lábẹ́ àwọn iná LED kan. Kò burú, ẹ kàn mọ̀ ọ́n ni. Lẹ́ńsì tó ń bá a wá náà, 18-45mm, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ò fẹ̀ tó ti M50, 18 kì í ṣe 15, ẹ máa mọ̀ ọ́n nínú yàrá kékeré tí ẹ ti fara ti ògiri tí kò sí ibi tí ẹ tún lè sún sẹ́yìn sí mọ́.

Bátìrì wọn yàtọ̀, LP-E12 ni ti M50, LP-E17 ni ti R50, ẹ ò lè gbé ọ̀kan sínú èkejì. Ti M50 kì í pẹ́, tí Canon fúnra wọn bá ṣírò ẹ̀ fọ́tò 235 ni, èmi kì í jáde láì mú mẹ́ta dání. R50 ní USB-C, M50 ń lo kékeré ti àtijọ́ yẹn, kò sì lè fi ṣáájì. Méjèèjì ní ihò máìkì, méjèèjì ní ojú tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń yí, ìwọ̀n wọn lọ́wọ́ náà ò yàtọ̀ tó ohun téèyàn ń rojọ́ lé, nǹkan bíi gíráàmù 390 sí 375. Méjèèjì ni kò ní ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ dúró nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, lẹ́ńsì ló gbọ́dọ̀ ṣe ìyẹn fún yín.

Wàyí o, ẹnu lẹ́ńsì. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo èyí nìyí, Olóòtú, akọ̀ròyìn yín ò sì dárúkọ ẹ̀ rárá, mo ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i.

Ẹnu M50 ni wọ́n ń pè ní EF-M. Ọdún 2012 ni Canon bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú EOS M àkọ́kọ́. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018, oṣù méje péré lẹ́yìn tí wọ́n kéde M50, Canon tún kéde kámẹ́rà mìíràn, EOS R, ó ní ẹnu tiẹ̀ tó ń jẹ́ RF, ibẹ̀ ni gbogbo ọkàn wọn sì lọ látìgbà náà. Lọ́dún 2022 wọ́n gbé R7 àti R10 jáde, ìyẹn kámẹ́rà APS-C tó kọ́kọ́ ní ẹnu RF, ẹni tó lójú ti mọ̀ nígbà yẹn pé EF-M ti fẹ́ kú, kò sì pẹ́ tí R50 fi dé tí wọ́n pa ìdílé M rẹ́ lóòótọ́. Gbogbo lẹ́ńsì tí Canon fúnra wọn ṣe fún EF-M látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mẹ́jọ ni. Mẹ́jọ! Wọn ò tún ní ṣe kẹsàn-án.

Èèyàn á ní, ṣebí àdápítọ̀ wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní bí ẹnu lẹ́ńsì ṣe jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ tó, mìlímítà 18 ni ti EF-M, 20 ni ti RF, 44 ni ti EF àtijọ́ yẹn. Lẹ́ńsì EF ní kí ẹ gbé òun jìnnà tó 44, M50 sì ní 18 péré, àyè mìlímítà 26 ló ṣẹ́ kù tí wọ́n lè fi àdápítọ̀ kún, ìyẹn ló ṣe ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún R50. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gbé lẹ́ńsì EF-M sórí R50, lẹ́ńsì yẹn ní kí wọ́n gbé òun sí 18, ara R50 nìkan ti gba 20, lẹ́ńsì ti jìnnà jù kẹ́ ẹ tó fi àdápítọ̀ kankan sí i, kò lè rí ohun tó wà lókèèrè mọ́. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ yí i padà, kẹ́ ẹ gbé RF sórí M50, mìlímítà méjì péré ló wà láàárín, ẹnu RF sì fẹ̀ tó 54 nígbà tí ti EF-M jẹ́ 47, ibo ni wọ́n fẹ́ rí àyè ki irin àti wáyà bọ̀? Kò ṣeé ṣe ní ìhà méjèèjì. Mo ní lẹ́ńsì kékeré kan, EF-M 22mm f/2, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ní, àbúrò mi náà fẹ́ràn ẹ̀, ó sì máa ń wò ó bí ẹni ń wo ohun olóhun, torí pé kò sí bó ṣe lè gbé e sórí R50 ẹ̀.

Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe ìdí ìmọ̀ràn yín fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà kì í pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn tó lẹ́ńsì, ẹni tó bá ra R50 lónìí tó ra lẹ́ńsì sí i, tó bá di ọjọ́ iwájú tó fẹ́ kámẹ́rà ńlá, á kàn tú lẹ́ńsì ẹ̀ á sì gbé e sórí tuntun ni. Tẹ́lẹ̀, àríwísí wa sí RF ni pé lẹ́ńsì fún APS-C ẹ̀ kò pọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ò sì rí ọ̀nà wọlé, àmọ́ láti ọdún 2024 ni Sigma àti Tamron ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn pẹ̀lú àṣẹ Canon, 18-50mm f/2.8 ti Sigma wà níbẹ̀, a ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá kó sínú EF-M báyìí, àlòkù ni yóò máa wá títí.

Àmọ́ ẹni tó ti wà nínú ẹ̀ bíi tèmi ńkọ́, kí ló fẹ́ kánjú tà á fún? Lẹ́ńsì tí mo ní ṣì ń ṣiṣẹ́, kò mọ̀ pé Canon ti pa ìdílé òun rẹ́. Bí ẹni náà bá ń ya èèyàn tó jókòó, igi, ilé, ohun tó wà lórí tábìlì, ìrìn àjò, ṣáṣá ni ohun tí R50 á fi kún un. Sigma ti ṣe lẹ́ńsì mẹ́ta fún EF-M, 16mm, 30mm àti 56mm, f/1.4 ni gbogbo wọn, ẹni tó bá rí àlòkù ọ̀kan nínú ẹ̀ rà, tó sì fi rọ́pò lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá, ìyàtọ̀ tó máa rí nínú fọ́tò ẹ̀ á ju ti ẹni tó pààrọ̀ kámẹ́rà lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ ní ìlọ́po mẹ́fà ó kéré tán, ISO á sọ̀kalẹ̀ wálẹ̀, iyanrìn yẹn á sì lọ. Àfi tó bá jẹ́ pé ọmọ tó ń sáré, ajá, eré ìdárayá tàbí fídíò 4K ni iṣẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni kó tà á, kó sì ta lẹ́ńsì EF-M ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, kó má ṣe ní òun fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ bóyá àdápítọ̀ á jáde lọ́jọ́ kan, kò ní jáde.

Ẹni tó sì fẹ́ ra M50 ní àlòkù kó fi kọ́ṣẹ́, tó mọ̀ pé lẹ́ńsì kan tàbí méjì lòun fẹ́ lò òun ò sì ní lọ jù bẹ́ẹ̀, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Kó sáà ṣí ilé bátìrì wò bóyá bátìrì ti wú, kó ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun ní f/16 wò bóyá ìdọ̀tí wà lórí sẹ́ńsọ̀, kó yí ojú ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa torí wáyà kékeré tó wà nínú ìdè yẹn, kó sì máa rántí pé lẹ́ńsì tó bá rà fún un, òun àti kámẹ́rà yẹn ni wọ́n jọ máa dàgbà.

Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí, Olóòtú. Fọ́tò kámẹ́rà tó wà lókè ìròyìn yẹn, tẹ́ ẹ kọ R50 sábẹ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un wò. Òrùka iwájú lẹ́ńsì náà hàn kedere, 15-45mm ló wà níbẹ̀. Lẹ́ńsì EF-M nìyẹn, kò sí bó ṣe lè dúró lórí R50. M50 lẹ yà síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tó ní M50